Láti Orí Òṣùwọ̀n Dé Orí Ìbéèrè: Bí Padua àti Turin Ṣe Kọ́ Ayé Láti Wọn Ìgbòkègbodò Ara

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Lóde òní, ìbéèrè ni àwọn oníṣègùn fi ń wọn ìgbòkègbodò ara àgbàlagbà: Ọjọ́ mélòó ni ẹ fi gbé ẹrù wúwo lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ fi rìn? Orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tẹlifóònù ni ìbéèrè náà sábà máa ń gbà wá. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti pẹ́ ní àríwá Ítálì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé.

Òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ wà. Santorio Santorio, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Padua láti 1611 sí 1624, so àga rọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n ńlá, ó sì ń jókòó sínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wọn ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ènìyàn ń jẹ tó sì ń mu ni ó ń gba awọ ara àti èémí jáde láìfojúrí. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1614.

Àmọ́ òṣùwọ̀n kò lè sọ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Ní 1700, Bernardino Ramazzini tẹ ìwé kan jáde ní Modena lórí àrùn àwọn oníṣẹ́. Ọdún náà gan-an ni ó lọ kọ́ni ní Padua. Sí àwọn ìbéèrè tí Hippocrates ti ní kí oníṣègùn máa bi aláìsàn, ó fi ọ̀kan kún un: Iṣẹ́ wo ni ò ń ṣe? Ó kíyè sí i pé ìjókòó àtàárọ̀ ń ba ara àwọn aránṣọ àti aránbàtà jẹ́, ó sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa lo ara wọn lọ́jọ́ ìsinmi.

Ní Turin, Angelo Mosso ṣe ẹ̀rọ tó ń ya àárẹ̀ sórí ìwé bí ìka ọwọ́ bá ti ń fa ẹrù léraléra. Ìwé rẹ̀ lórí àárẹ̀ jáde ní 1891. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé tọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ. Ìdí nìyí tí ayé fi padà sí ìbéèrè Ramazzini.

Ìwé ìbéèrè tí a ń pè ní IPAQ ni a dán wò ní orílẹ̀-èdè 12 ní ọdún 2000. Nígbà tí a fi ìdáhùn àwọn ènìyàn wé ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ara, ìbáramu wọn kò lágbára, nítorí ènìyàn a máa gbàgbé, a sì máa bù mọ́ ọn. Èdè náà tún ṣe pàtàkì: ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà tẹ àbájáde ẹ̀yà rẹ̀ ní èdè Haúsá jáde.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín. Ní Turin, ìwádìí NINFEA bẹ̀rẹ̀ ní 2005, tó bi àwọn aláboyún ní ìbéèrè nípa ìlera lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2007, PASSI bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbàlagbà Ítálì léèrè lórí tẹlifóònù, títí kan ìgbòkègbodò ara wọn. Méjèèjì ló fẹ́ kí olùdáhùn gbọ́ èdè Ítálì. Ìyá tó ń dúró láti àárọ̀ dalẹ́ nílé iṣẹ́, tí kò gbọ́ èdè náà, kò sí nínú iye wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni iye yìí ni ìjọba ń wò kí ó tó pinnu lórí ìlera.

Nítorí náà, ẹ kọ́ èdè ibi tí ẹ ń gbé. Bí ìwé ìbéèrè bá dé, ẹ má ṣe rò pé eré ìdárayá nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ẹ ka ilé gbígbá, ẹrù gbígbé àti ìrìn lọ sí ibùdókọ̀ mọ́ ọn. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn láti lo ara fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ní ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, wọ́n sì ní gbogbo ìmira ló níye. Ẹ dáhùn ní òtítọ́, ẹ má dín in, ẹ má bù mọ́ ọn.