Ìwé Ilẹ̀ Èkó, Ìjà Ló Bí I

Iṣẹ́ akọ̀wé lọ́yà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní Ìgbòṣèrè, l'Ékòó. Títí dòní, bí ará àdúgbò bá fẹ́ ra ilé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ìwé rẹ̀ wá. Kí n tó ṣí i wò, mo máa ń sọ fún wọn bí ìwé ṣe dé orí ilẹ̀ Èkó, torí ìjà ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilé.

Láyé àtijọ́, a kì í ta ilẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, onífìlà funfun, bí Olúwa, Ọjọ́rà, Àrómirẹ́ àti Onírù, ló ń bójú tó o. Àlejò á gbé obì àti ọtí wá, wọ́n á fi ààlà hàn án níṣojú ẹlẹ́rìí. Bí kò bá ti rí onílẹ̀ fín, ọmọ rẹ̀ á jogún ibẹ̀.

Ní 1861, lábẹ́ ẹnu ìbọn ọkọ̀ ogun, Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí gómìnà fi ń fún àwọn ènìyàn níwèé ilẹ̀ lórúkọ Ọbabìnrin Victoria. Gbogbo agbo ilé ló ń gbé inú ilé, orúkọ ẹnì kan ló wà lórí ìwé. Ẹni náà á fi ìwé yá owó lọ́wọ́ oníṣòwò. Bí gbèsè bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ilé di ti gbàǹjo. Ilé ẹjọ́ padà gbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pa ẹ̀tọ́ ẹbí rẹ́. Nítorí náà, orúkọ orí ìwé nìkan kò tó. Ẹ lọ sí ilé náà ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé ta ló kọ́ ọ, àti àwọn ọmọ tó fi sáyé lọ.

Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà pé. Ìjọba ní owó ìṣákọ́lẹ̀ lásán ló tọ́ sí i. Ó gbé ẹjọ́ dé London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba dá a láre: gbogbo ẹbí ló ni ilẹ̀, olóyè ń ṣọ́ ọ fún wọn ni. Èkó yọ̀ sí ìdájọ́ yìí, ṣùgbọ́n òun náà ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ olóyè nìkan tó láti ta ilẹ̀ ẹbí.

Ọwọ́ ta ló wá tó? Ní 1962, ìgbìmọ̀ kan náà dá ẹjọ́ ìdílé Dáwódù, tí bàbá wọn fẹ́ ìyàwó mẹ́rin: wọ́n ní pínpín ogún ní ìdí-igi, iye ìyá tó bímọ, bá àṣà Yorùbá mu. Ẹni tó ń ra ilé ẹbí gbọ́dọ̀ ka ìdí-igi. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn aṣojú wọn, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bí àwọn yẹn bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni. “Ilé yìí kì í ṣe títà” tí ẹ ń rí lára ògiri, irú ìjà yìí ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Ní oṣù kẹta 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe òfin tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Láti ìgbà náà, ilé tó ti ní C of O (ìwé àṣẹ gómìnà lórí ilẹ̀) pàápàá kò ṣeé tà láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ní 2016, Èkó ṣe òfin tó ní ẹ̀wọ̀n fún ọmọ onílẹ̀ tó bá fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Síbẹ̀, òfin kì í bá ni gba owó tó ti wọ àpò gbájúẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yẹ ìwé wò ní Aláùsá, kí awọnlẹ̀ sì fi ìwé sọ́fè wádìí bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan tọwọ́ bọ̀wé lójú yín. Ẹ gba risíìtì. Bí ẹ́jẹ́ǹtì bá ní ẹlòmíì ń mówó bọ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ kí ẹni náà rà á.