Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí

Patrick Olúṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọmọ Nàìjíríà tó ṣeré fún ẹgbẹ́ Shooting Stars ìlú Ìbàdàn àti fún Green Eagles, ikọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1952 ni wọ́n bí i. Iwájú lápá ọ̀tún ló ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù, nọ́ńbà 7 ló sì máa ń wọ̀. Ìgbà 46 ló ṣojú Nàìjíríà, góòlù 23 ló sì jẹ. Òun ló jẹ méjì nínú góòlù mẹ́ta tí Nàìjíríà fi gba Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 1980.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọdẹ́gbàmí, ṣùgbọ́n ìlú Jos ló dàgbà sí, ilé ẹ̀kọ́ St. Murumba College níbẹ̀ ló sì lọ. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló gbé e wá sí Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìwé àti bọ́ọ̀lù ló so pọ̀, kò sì torí ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀. Ernest Okonkwo, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó máa ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ló sọ ọ́ ní “Mathematical”, nítorí pé bí ẹni tó ti ṣírò sílẹ̀ ló ṣe máa ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Orúkọ yìí mọ́ ọn lára títí dòní.

Bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ogun abẹ́lé

Oṣù Kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Rangers sílẹ̀ ní Enugu, nígbà tó sì di ọdún 1972, ìdíje líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò tíì di iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ṣe oúnjẹ jẹ nígbà náà. Iléeṣẹ́ ìjọba tàbí ti aládàáni ló máa ń ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ló sì ń gba owó oṣù gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1990 ni líìgì tó jẹ́ ti owó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù fún. Abẹ́ àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ló kọ́kọ́ wà, WNDC sì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àjọ mìíràn tó ń yá iléeṣẹ́ lówó gbà á, ó di IICC Shooting Stars. Lẹ́yìn náà ló wá di 3SC. Orúkọ ń yí padà, àmọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Pápá ìṣeré Liberty, tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́ sí Òkè-Àdó lọ́dún 1960, ni wọ́n ti ń gbàlejò lásìkò Ọdẹ́gbàmí. Pápá náà kò jìnnà sí àárín ìlú àtijọ́, débi pé ẹni tó bá ti Ìdí-Arère, Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ gbéra lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni ẹgbẹ́ náà kó lọ sí pápá Adámásìngbà, tí wọ́n fi sọrí Lékan Sàlámì, ọmọ Ìbàdàn tó fi owó àti ara rẹ̀ jìn fún Shooting Stars.

Ife-ẹ̀yẹ ọdún 1976

Ọdún 1976 ni ìràwọ̀ Ọdẹ́gbàmí àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tàn jù. IICC gba líìgì Nàìjíríà lọ́dún náà, wọ́n sì tún wọ ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ̀ẹ̀kejì tí ìdíje yìí máa wáyé nìyẹn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Alan Hawkes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lára àwọn tó wà nínú ikọ̀ náà ni Muda Lawal, Samuel Òjébọ̀dé, Kúnlé Awẹ́sù, Moses Ọ̀tọ̀lórìn àti Philip Boamah.

Tonnerre ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá. Tonnerre yìí ló gba ife náà lọ́dún 1975, Roger Milla sì wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ní Ìbàdàn, IICC fi góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan lù wọ́n. Tonnerre fi góòlù kan ṣoṣo borí nínú èyí tí wọ́n gbá ní Yaoundé, ṣùgbọ́n iye góòlù Ìbàdàn ti ju tiwọn lọ. Bí Ìbàdàn ṣe gbé ife wálé nìyẹn, tí IICC sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà.

Lọ́dún 1977, IICC àti Rangers Enugu forí gbárí nínú ìdíje yìí kan náà, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Wọ́n gbá a ní Èkó, ẹnikẹ́ni kò jẹ góòlù. Wọ́n tún gbá a ní Kaduna, òmì náà ni. Pẹnárítì ni Rangers fi borí, àwọn náà ló sì gba ife lọ́dún yẹn. Kò tíì pé ọdún mẹ́jọ tí ogun parí, bẹ́ẹ̀ ìfigagbága ẹgbẹ́ méjèèjì yìí ti di èyí tí gbogbo Nàìjíríà ń jókòó ti rédíò fún. Lọ́wọ́ ilé, IICC gba ife FA lọ́dún 1977 àti 1979, wọ́n sì tún gba líìgì lọ́dún 1980 àti 1983.

Green Eagles

Ọdún 1976 náà ni Ọdẹ́gbàmí wọ Green Eagles. Ó wà lára àwọn tó lọ sí Montreal fún Ìdíje Òlíńpíìkì, ṣùgbọ́n wọn kò gbá bọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀. Ikọ̀ rugby ilẹ̀ New Zealand lọ ṣeré ní South Africa, níbi tí ìjọba aláwọ̀ funfun ti ń fi àwọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Nígbà tí wọn kò lé New Zealand kúrò nínú Òlíńpíìkì, ó lé ní ogún orílẹ̀-èdè, Áfíríkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn, tó kọ̀ láti kópa. Nàìjíríà wà lára wọn.

Ní Gánà lọ́dún 1978, Nàìjíríà ṣe ipò kẹta nínú Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Góòlù mẹ́ta tí Ọdẹ́gbàmí jẹ níbẹ̀ mú kó wà lára àwọn mẹ́ta tó jẹ góòlù jù. Lọ́dún 1980, ìdíje náà wá sí Nàìjíríà. Otto Gloria, ọmọ ilẹ̀ Brazil, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Christian Chukwu sì ni balógun ikọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà kojú Algeria ní àṣekágbá. Ìṣẹ́jú kejì ni Ọdẹ́gbàmí ti jẹ góòlù àkọ́kọ́. Ó jẹ èkejì ní ìṣẹ́jú 42. Muda Lawal, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Shooting Stars, ló jẹ ẹ̀kẹta. Best Ògédègbé, tí òun náà ń ṣọ́lé fún Shooting Stars, ló ṣọ́lé lọ́jọ́ náà. Ààrẹ Shehu Shagari fún àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní ilé, ọkọ̀ àti oyè orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n yan agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà fún ọdún 1980, ipò kejì ni Ọdẹ́gbàmí wà, lẹ́yìn Jean Manga Onguéné ti Kamẹrúùnù.

Ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ Ife Àgbáyé. Lọ́dún 1977, nínú ìdíje láti yege fún un, góòlù tí Godwin Odiye ti Nàìjíríà ṣèèṣì gbá sílé ara wọn ní Èkó fún Tunisia láǹfààní, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Nàìjíríà. Lọ́dún 1981, Algeria ló dá wọn dúró: wọ́n borí ní Èkó, wọ́n tún borí nílé wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ọdẹ́gbàmí fi Green Eagles sílẹ̀.

Ìparí eré rẹ̀ àti ohun tó ṣe lẹ́yìn náà

Ó ń bá Shooting Stars lọ títí di ọdún 1984, nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní Áfíríkà. Rashidi Yekini, ọ̀dọ́mọdé atamátàsé nígbà náà, wà pẹ̀lú wọn. Zamalek ti Íjíbítì borí wọn ní Cairo àti ní Èkó. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́gbàmí fi bọ́ọ̀lù gbígbá tì sí. Yekini ló wá kọjá góòlù 23 tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ fún Nàìjíríà, ó sì gbé e dé 37.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, Ọdẹ́gbàmí di òǹkọ̀wé eré ìdárayá nínú ìwé ìròyìn. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé àti eré ìdárayá pọ̀ sílẹ̀ ní Wásinmi, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó tún ní iléeṣẹ́ rédíò eré ìdárayá ní Abẹ́òkúta, Eagle 7, tí nọ́ńbà aṣọ rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2015, ó kéde pé òun fẹ́ du ipò ààrẹ FIFA, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó díje nígbẹ̀yìn.

Lóde òní, ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù í gbá ní Nàìjíríà, òkè òkun ló máa ń wò. Ìbàdàn ni Ọdẹ́gbàmí ti lo ọjọ́ ayé bọ́ọ̀lù rẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún kíláàbù àti fún orílẹ̀-èdè.