Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Ìtàn Ìwé Olùkọ́ ní Ìkẹjà àti Agége

Nínú ìsinmi tó kọjá, àǹtí mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Agége pè mí pé kí n wá bá òun wo fóònù òun. Fódà tí àwọn olùkọ́ èdè jọ ń lò lórí Google Drive kò ṣí mọ́. Ìbéèrè ìdánwò ọdún márùn-ún, ètò iṣẹ́ táàmù kọ̀ọ̀kan, àti nóòtì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Mo ní, "Àǹtí, ta ló ṣí fódà yìí gan-an?" Wọ́n dárúkọ olùkọ́ kan tó ti japa lọ sí ìlú Ọba.

"Ẹ pè é ná."

"A ti pè é. Ó ní òun ti pa ímeèlì yẹn rẹ́ kí òun tó lọ."

Bí iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin ṣe lọ nìyẹn, láìsí olè, láìsí iná. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn olùkọ́ àgbà léèrè: níbo ni ìwé olùkọ́ ń gbé tẹ́lẹ̀, ta ló sì ni ín?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ló ń ṣe àkóso Ìkẹjà àti Agége. Ọdún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ni wọ́n tó bọ́ sábẹ́ Èkó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tò tẹ̀ lé e. Agége tó jẹ́ ilẹ̀ olóko obì àti kòkó lẹ́bàá ojú irin di ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn. Òṣìṣẹ́ bímọ, ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ wà.

Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ nígbà náà ni wọ́n ń béèrè títí dòní: lẹ́sìn nóòtì. Olùkọ́ á kọ ọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀gá á fi bírò pupa bu ọwọ́ lù ú, yóò sì wà ní ìpamọ́ de ìnsípẹ́kítọ̀. Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ìnsípẹ́kítọ̀ ni wọ́n ń kọ nóòtì fún, kì í ṣe ojú olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni. Ẹ̀rí ni, pé èmi lágbájá ṣiṣẹ́ mi. Ta ló ń yá ènìyàn ní ẹ̀rí? Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ fún mi pé àwọn kì í fi nóòtì sílẹ̀ lórí tábìlì, torí ẹlòmíràn á dà á kọ kó tó di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí wọ́n bá gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, nóòtì bá a lọ. Ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní.

Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní 1979, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó ló ń pín ọjọ́ sí méjì tàbí mẹ́ta: ọmọ òwúrọ̀ ń jáde, ọmọ ọ̀sán ń wọlé. Ìjọba rẹ̀ kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láti fi òpin sí i. Àwọn kan fi ilé adìyẹ bú àwọn yàrá náà. Èmi ò bá wọn bú u, inú rẹ̀ ni ìyá mi ti mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti olùkọ́ àsìkò náà, tí òun àti olùkọ́ ọ̀sán jọ ń lo tábìlì kan. Inú báàgì nìkan ni ìwé rẹ̀ lè gbé.

Ohun kan ń jọ mí lójú. Òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà ni Longman Nigeria wà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, tó sì di Learn Africa ní 2011. Ìwé tí ọmọ Agége ń kà lè jáde láti tòsí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ nípa ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti máa ń dojú rú mọ́ ọmọ lójú kò kúrò nínú ìwé ogójì ojú ewé rí.

Nígbà tí ọjà kọ̀ǹpútà gbilẹ̀ ní òpópónà Otigba ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbéèrè ìdánwò lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. (Bí ìbéèrè ṣe ń jò láti ibẹ̀, ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Lẹ́yìn náà ni fláàṣì dé, fáírọ́ọ̀sì sì bá a dé. WhatsApp tẹ̀ lé e, níbi tí fáìlì ti ń sọnù sáàárín "ẹ káàárọ̀" àti àdúrà.

Google gbé Drive jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sá lọ síbẹ̀. Jígà ogún, bí wọ́n ṣe ń pè é, kọ́. 15 GB ni ọ̀fẹ́ rẹ̀, lẹ́tà inú Gmail àti fọ́tò sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé ẹni tó gbé fáìlì síbẹ̀ ló ni ín. Bó bá pa ímeèlì rẹ̀ rẹ́, fáìlì rẹ̀ bá a lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún ènìyàn ló ń lò ó. Ní 2023, Google tún kéde pé ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọdún méjì lè di pípa rẹ́. Ẹ wo olùkọ́ tó kú, tàbí tó fẹ̀yìn tì sí abúlé tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀nà àbáyọ wà: láti 2017 ni Google ti ní fódà tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, tí ènìyàn á lọ tí fáìlì á dúró. Ọ̀fẹ́ ni fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá forúkọ sílẹ̀, tó sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi àdírẹ́sì yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ àǹtí mi kọsẹ̀ sí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ètò EKOEXCEL ti gba ọ̀nà mìíràn: inú tábúlẹ́ẹ̀tì ni olùkọ́ ti ń rí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tò kalẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ náà kì í sọnù, mo gbà. Ṣùgbọ́n òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ rí ní kíláàsì kò tíì rí ibi gbé.

Ohun tí a ṣe ní Agége kò ga. A ṣí ímeèlì tuntun ní orúkọ ẹ̀ka èdè. A kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú ìwé, a lẹ̀ ẹ́ pa, ó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka. Orúkọ fáìlì kò tún gbọdọ̀ jẹ́ "nóòtì tuntun 2" mọ́: iṣẹ́, kíláàsì, táàmù, ọdún. Ìbéèrè àtijọ́ tó wà lórí ìwé, fóònù la fi ń yà wọ́n, òru la sì ń gbé wọn sókè, torí détà òru ló rọjú. Ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ ṣì kọ̀ láti gbé nóòtì tirẹ̀ wá. Ó ní kí ìnsípẹ́kítọ̀ máa lọ rò pé òun dà á kọ lára ẹlòmíràn.

A ti ya ti SS1 tán. Ó ku SS2 àti SS3, àti kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a kò tíì rí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.