TA NI YÓÒ JÓKÒÓ SÓRÍ ÀGA NÁÀ? Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Ọ̀rọ̀ òní máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má kàn wò ó kọjá. Ẹ̀yin òbí tí ẹ lọ́mọkùnrin nílé, ẹ pè é kó wá jókòó tì yín.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ọmọkùnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní sọ orúkọ ẹ̀, mi ò sì ní sọ àdúgbò ẹ̀. Wọ́n ti pa olórí ẹgbẹ́ tó wà. Àwọn tó kù ti ṣèpàdé, wọ́n ní òun ló kàn. Ó ní, "Dádì, wọ́n ní kí n wá gba àga." Mo wo ojú ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, àmọ́ inú ẹ̀ tún ń dùn díẹ̀. Ìdùnnú yẹn ló já mi láyà jù.

Mo ní kó jókòó. Mi ò tíì ṣí Bíbélì. Ìtàn ìdílé Gambino ní New York ni mo kọ́kọ́ sọ fún un, torí mo mọ̀ pé gbogbo wọn ló ti wo fíìmù Máfíà. Fíìmù kì í sọ gbogbo ẹ̀.

Ìdílé ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá kan ló bí wọn. Ẹgbẹ́ ọ̀daràn ni, ọ̀kan nínú márùn-ún tí wọ́n tò kalẹ̀ ní New York ní 1931. Ó ní ọ̀gá àgbà, ó ní igbákejì, ó ní olùdámọ̀ràn, ó ní àwọn balógun àtàwọn ọmọ ogun lábẹ́ wọn. Èbúté Brooklyn wà lára ibi tí owó wọn ti ń wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Àpápá, mi ò ní ṣàlàyé èyí fún yín púpọ̀. Tí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀, ta ló máa rí iṣẹ́ láàárọ̀ yẹn? Ẹrù ta ló máa kọ́kọ́ jáde? Ẹrù tó bá pẹ́ ní wọ́ọ̀fù, owó ló ń jẹ. Ẹni tó bá di ẹnu ọ̀nà yẹn mú ti di olówó. Anthony Anastasio ló jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Albert Anastasia, sì ni igbákejì ọ̀gá ìdílé ọ̀daràn yìí.

Ó yá, ẹ bá mi ka àwọn tó jókòó sórí àga náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Vincent Mangano. Ní oṣù Kẹrin 1951, wọ́n rí òkú àbúrò ẹ̀, Philip, nínú irà ní Brooklyn. Vincent fúnra ẹ̀ pòórá, títí dòní wọn ò rí òkú ẹ̀. Ta ló gba àga? Igbákejì ẹ̀, Anastasia.

Ọdún mẹ́fà péré ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 1957, Anastasia lọ gẹrun ní hòtẹ́ẹ̀lì Park Sheraton. Àwọn ọkùnrin méjì tó fi aṣọ bojú wọlé, wọ́n yìnbọn pa á lórí àga onígbàjámọ̀. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni dá lẹ́bi lórí ikú ẹ̀. Ta ló gba àga? Ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀, Carlo Gambino.

Níbí ni ọmọkùnrin yẹn ti dá mi dúró. Ó ní, "Dádì, mo ti kà nípa ìyẹn. Gambino kú sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀."

Òótọ́ ni. Mi ò ní parọ́ torí pé mò ń wàásù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò, kì í pariwo, kì í ṣe fọ́rífọ́rí, àìsàn ọkàn ló pa á nílé ẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1976. Ṣùgbọ́n ẹ wo ogún tó fi sílẹ̀. Igbákejì ẹ̀, Aniello Dellacroce, ni ọ̀pọ̀ wọn rò pé ó kàn. Gambino fò ó dá, ó gbé àga fún Paul Castellano, àbúrò ìyàwó ẹ̀. Kí Dellacroce má baà bínú, wọ́n fi í sí ipò igbákejì, wọ́n sì fún un ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Ilé kan di méjì. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.

Lábẹ́ Dellacroce, ọ̀kan ń dàgbà tí wọ́n ń pè ní John Gotti. Castellano ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta oògùn olóró. Ní 1983, ìjọba mú àbúrò Gotti àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ heroin. Gotti mọ ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Níwọ̀n ìgbà tí Dellacroce ṣì wà láyé, ó ń dì wọ́n mú. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1985, àrùn jẹjẹrẹ pa Dellacroce. Castellano kò dé ibi ìsìnkú. Ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 16, wọ́n yìnbọn pa Castellano àti Thomas Bilotti níwájú ilé oúnjẹ Sparks. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Castellano.

Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, ibẹ̀ ni mo ń lọ. Gotti wà nínú ọkọ̀ nítòsí, ó ń wo bó ṣe ń lọ. Ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ yẹn ni Sammy Gravano.

Gotti gba àga. Kóòtù dá a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́dún 1986, 1987 àti 1990. Aṣọ olówó ńlá, fọ́tò nínú ìwé ìròyìn, ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ò lè ṣe é. Nígbà tó yá ló hàn pé wọ́n ti fowó ra ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ 1987. Ó sọ Gravano di igbákejì. Ní oṣù Kejìlá 1990, FBI kó wọn. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ pamọ́ síbi tí Gotti ti ń sọ̀rọ̀, Gravano sì fetí ara ẹ̀ gbọ́ bí ọ̀gá ẹ̀ ṣe ń di ẹ̀bi ìpànìyàn rù ú. Ó yíjú padà. Ó jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú ikú ènìyàn mọ́kàndínlógún, ó sì jẹ́rìí ta ko Gotti. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1992, wọ́n dá Gotti lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú. Ibẹ̀ ló kú sí ní 2002.

Ẹni tí ẹ jọ jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ pa ọ̀gá, òun náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀gá. Ìwọ lo kọ́ ọ.

Ọmọ Gotti tó dúró fún un jẹ̀bi, ó ṣẹ̀wọ̀n. Peter, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó gbà á lẹ́yìn náà, ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní 2021. Àga náà ò ṣófo rí.

Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1971, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì àtàwọn mẹ́fà mìíràn ní Bar Beach, èrò sì rọ́ lọ wò wọ́n. Ṣé olè jíjà dópin? Ní 1986, Anini ti dáyà já gbogbo Benin, pẹ̀lú ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Iyamu, lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n pa àwọn náà lọ́dún 1987. Ìbọn pa olórí, kò pa àga.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣí Bíbélì sí Àwọn Ọba Kìíní orí 16. Bááṣà pa ọba, ó gba ìtẹ́. Símírì pa ọmọ Bááṣà, òun náà gba ìtẹ́. Ọjọ́ mélòó ló lò? Méje! Ó tiná bọ ààfin lé ara ẹ̀ lórí.

Ọmọkùnrin yẹn dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Tí mi ò bá gbà á ńkọ́, Dádì, ṣé wọ́n á fi mí sílẹ̀?" Mi ò ní ìdáhùn tó rọrùn fún un. Lóru ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi tẹ́ ẹní fún un ní pálọ̀ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wá ẹni tó máa mú un kúrò ládùúgbò. Ó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà báyìí, níbi tí mi ò ní dárúkọ. Ó jìnnà síyàá ẹ̀, ìyẹn ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Àga tó kọ̀ ńkọ́? Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ ẹlòmíràn fi jókòó síbẹ̀. Mo mọ ìyá tiẹ̀ náà. Mò ń pe orúkọ ọmọ yẹn nínú àdúrà láràárọ̀, ẹ bá mi pè é, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Ìwọ tí wọ́n ń sọ fún pé "ìwọ ló kàn," ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ò tì. Wá lóru, wá lọ́sàn-án. Mi ò ní pariwo ẹ. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ ò sọ pé ẹ̀jẹ̀ gúnlẹ̀. Ajé lá á máa gúnlẹ̀ síbẹ̀ lórúkọ Jésù.

Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ ká sin ọmọ wa. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ kó ṣe Àmín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́ kan lónìí.