Òkè Lickey àti Àwọn Ọkọ̀ Ojú Irin Rẹ̀

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ rélùwéè, bí ojú irin ti gùn tó ni a sábà máa ń kà. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ti ga tó kì í ká wa lára. Òkè Lickey wà ní Worcestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín Bromsgrove àti Blackwell. Máìlì méjì péré ni ojú irin ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti rin ẹsẹ̀ bàtà 37 àti díẹ̀, ó ti gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Fún ẹsẹ̀ irin tó ń yí lórí irin, ìyẹn kì í ṣe eré.

Kí ló dé tí wọ́n fi la ọ̀nà gba ibẹ̀? Owó ni. Ní 1832, Brunel ti wọn ọ̀nà kan láti Birmingham sí Gloucester tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan nínú 300 lọ. Ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì wọ́n. Kápútéènì Moorsom, tí ó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, yan ọ̀nà tààrà. Àwọn baba wa ní ọ̀nà àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Moorsom rò pé òun rí ọ̀kan. Nígbà tí àwọn arọ́kọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣiyèméjì, ó yíjú sí William Norris ti Philadelphia, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gun òkè Belmont ní Amẹ́ríkà ní 1836. Ẹ́ńjìnnì Norris sì gun Lickey lóòótọ́ ní 1840.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n ń dán ẹ́ńjìnnì mìíràn wò ní Bromsgrove. “Surprise” ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Ìyàlẹ́nu. Àgbá omi gbígbóná rẹ̀ bú gbàmù. Thomas Scaife, ọmọ ọdún 28, kú lọ́jọ́ náà. Joseph Rutherford, ọmọ ọdún 32, kú lọ́jọ́ kejì. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St John ni a sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Opó Rutherford ló ṣe òkúta ibojì ọkọ rẹ̀ ní 1841. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ Scaife ló dáwó jọ ṣe tirẹ̀ ní 1842. Ẹ kíyè sí ẹni tó sanwó. Wọ́n gbẹ́ àwòrán ẹ́ńjìnnì sára òkúta méjèèjì, ṣùgbọ́n ti Norris ni, kì í ṣe èyí tó pa wọ́n. Lójú tèmi, iṣẹ́ wọn ni a fi ń rántí wọn níbẹ̀, kì í ṣe ikú wọn.

Láti ìgbà náà wá, ẹ́ńjìnnì kan a máa ti ọkọ̀ tó wúwo lẹ́yìn láti Bromsgrove títí dé Blackwell. Ìlúmọ̀ọ́ká jùlọ nínú wọn ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n rọ ní Derby ní 1919. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Big Bertha, orúkọ àgbá ńlá tí Jámánì fi jagun. Títì ni iṣẹ́ rẹ̀ títí di 1956.

Iná mànàmáná dé òkè náà ní 2018. Ọkọ̀ èrò ń dá gun ún. Ọkọ̀ ẹrù tó wúwo ṣì ń dúró ní ìsàlẹ̀ kí a tì í.