Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Di Obì, Ohun Tí A Fi Ń Di Àdìrẹ

Àwọn tó ń ta iṣẹ́ ọnà lónìí, ìbáà ṣe àdìrẹ Abẹ́òkúta tàbí igbá fínfín Ọ̀yọ́, ń wá ohun tí wọn yóò fi di ọjà tí kò ní ba ilẹ̀ jẹ́. Àwọn oníṣòwò obì ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí ọ̀rá tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti kan Kánò ní nǹkan bí 1912, obì gbànja Agége bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí irin lọ sókè Ọya. Obì sì ṣòro í tọ́jú: bó bá gbẹ, kò níyì mọ́, bí omi bá pọ̀ jù lára rẹ̀, ó ń jẹrà. Ewé tútù ni wọ́n ń tẹ́ sínú agbọ̀n, wọ́n á kó obì lé e, wọ́n á tún fi ewé bò ó, wọ́n á sì máa tú u wò kí wọ́n lè pààrọ̀ ewé tó bá ti gbẹ. Ohun tí ọjà ń fẹ́ lójú ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí ọjà bá tán, ewé á padà sínú ilẹ̀, agbọ̀n á sì tún gba ẹrù mìíràn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣèèṣì rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá ní 1933; ní 1965, ilé-iṣẹ́ Celloplast ní Sweden gba ìwé àṣẹ lórí àpò ọ̀rá ọlọ́wọ́ tí Sten Gustaf Thulin ṣe. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ló mú àwọn ìyá wa tó ń ta oúnjẹ gba ọ̀rá kò tíì já ewé eéran tí wọ́n fi ń di oúnjẹ rí, kó fọ̀ ọ́, kó tò ó. Ọ̀rá kì í gba omi, ojú ń rí ohun tó wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn fún ẹni tó ń ta ohun olómi. Ṣùgbọ́n àdìrẹ kì í jò, kì í ṣàn. Ọ̀rá tí wọ́n ń kó o sí, àṣà oúnjẹ ló bá a débẹ̀. Àgékù aṣọ tó kù nílẹ̀ lè di àpò rẹ̀, ìko tí wọ́n fi ń so àdìrẹ oníko sì tó í dì í.

Ẹnìkan lè ní òjò ń bẹ, oníbàárà mìíràn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ ni. Ẹrù tó máa la òjò kọjá lè nílò ọ̀rá kan níta, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún aṣọ kọ̀ọ̀kan. Igbá tó ń lọ sókè òkun kò sì ṣeé fi háríhá tàbí koríko gbígbẹ há, nítorí àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí kòkòrò tó ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Páálí àti ìwé àlòkù ló yẹ ẹ́. Ìwé pàápàá, igi àti omi ni wọ́n ná sí i, nítorí náà páálí tuntun tí a lò lẹ́ẹ̀kan péré, tí a sọ nù, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Ní ti owó, àpò aṣọ wọ́n ju ọ̀rá lọ, àmọ́ ẹni tó ra àdìrẹ kì í sọ irú àpò bẹ́ẹ̀ nù. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, ẹ yọ ọ̀rá kúrò lára ọjà tí kò nílò rẹ̀ ná, kí ẹ tó náwó sórí àpò olówó gọbọi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí lára.