Ìdílé Tí Kòkó Wa Ti Wá

Igbó odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun kòkó. Ní 2008, Juan Carlos Motamayor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbùdá igi kòkó tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wò, wọ́n sì pín wọn sí ìdílé 10. Ẹyọ kan péré nínú wọn, Amelonado, ló kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ lóko wa.

Ọ̀nà tó gbà dé ló fà á. Ní 1822 ni àwọn Pọtogí gbé e láti Bahia ní Brazil wá sí erékùṣù Príncipe. Ibẹ̀ ló ti dé São Tomé, ó dé Fernando Po, ó sì dé etíkun wa ní nǹkan bí 1874. Láìpẹ́, J. P. L. Davies, oníṣòwò ará Èkó, dá oko kòkó ní agbègbè Agége. Ìwọ̀nba irúgbìn ni erékùṣù kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó Amelonado sì tó láti mú igi náà so láìsí ti igi mìíràn. Ọmọ jọ ìyá, ọmọ-ọmọ jọ ìyá àgbà, láti Agége dé Ìbàdàn, dé Oǹdó.

Kòkó yìí lówó lórí, owó rẹ̀ sì tún ayé ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe. Àmọ́ ohun tó bá lè pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú kò bá a ti Brazil wá: inú igbó wa ló wà, lára igi bí àràbà, kí kòkòrò funfun wínníwínní tó gbé e dé ara àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n rí i ní Gánà ní 1936, ní Nàìjíríà ní 1944. Ìjọba ní kí wọ́n gé igi tó ràn lulẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi: igi tí èèyàn fi ọdún márùn-ún tọ́ kó tó so!

Inú Amazon náà ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Láti 1937, F. J. Pound wá igi kòkó kiri ní Ecuador àti Peru nítorí àrùn mìíràn, èyí tó ń sọ ẹ̀ka kòkó Trinidad di bí ìgbálẹ̀. Ní 1944, A. F. Posnette kó irú-ọmọ àwọn igi náà láti Trinidad wá sí Tafo ní Gánà. Àtọmọdọ́mọ wọn ni F3 Amazon tí àwọn àgbẹ̀ wa gbìn ní àwọn ọdún 1950. Ó tètè ń so, ó sì ń fara da àrùn ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ lára àwọn igi Pound kì í so láìgba lẹ́búlẹ́bú igi mìíràn, Amelonado tó wà nítòsí ló sì sábà máa ń fún wọn. Bí irú méjèèjì ṣe dàpọ̀ nínú oko nìyẹn, tó fi jẹ́ pé irúgbìn tí àgbẹ̀ ń mú lóko aládùúgbò rẹ̀ lónìí sábà máa ń ní ẹ̀jẹ̀ méjèèjì lára.